Ẹni Tí Ó Dé Lẹ́yìn: Àlàyé Lórí Gbígba Orílẹ̀-Èdè Tuntun Sínú Àdéhùn Òwò Ọ̀fẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó sábà máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà nígbà tí wọ́n bá gbọ́ nípa òwò láàárín orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ náà ni “ọ̀fẹ́”. Bí a bá sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè kan ní àdéhùn òwò ọ̀fẹ́, ẹlòmíràn yóò rò pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ni ó lè wọ àárín wọn, kí ó tẹ́ àtẹ rẹ̀, kí ó sì máa tà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó ibodè ni a sọ di ọ̀fẹ́, a kò sọ ẹnu ọ̀nà di ọ̀fẹ́. Nígbà púpọ̀, ohun tí orílẹ̀-èdè kan yóò san kí ó tó wọlé máa ń pọ̀, ó sì lè jẹ́ ohun tí kò ṣeé fi owó kà.

Àwọn baba wa mọ ohun tí owó ibodè jẹ́. Ní ayé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó sí ẹnu odi ìlú, a sì máa gba owó lọ́wọ́ alájàpá àti lọ́wọ́ ẹni tí ó ru ẹrù kọjá. Aṣọ́bodè ìjọba ni ó wà ní ipò rẹ̀ lónìí, ní etíkun, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àti ní ojú ààlà. Nígbà tí orílẹ̀-èdè méjì bá fi ẹnu kò pé àwọn kò ní gba owó yìí lórí ọjà ara wọn mọ́, tàbí pé àwọn yóò máa dín in kù lọ́dọọdún títí yóò fi tán, àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe. Bí wọ́n bá ju méjì lọ, tí gbogbo wọn sì wà lábẹ́ ìwé òfin kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà di ti ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá sì ní òfin kò lè ṣàìní ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà náà, nígbà tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ bá wá kan ìlẹ̀kùn, ni mo fẹ́ ṣe àlàyé lé lórí.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pe èyí ní “dídarapọ̀”. Èmi fẹ́ràn “ìwọlé” jù ú lọ. Bí odò méjì bá darapọ̀, àwọn méjèèjì ni ó yí padà, kò sì sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí omi ti èkíní tàbí ti èkejì mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí, ilé ti wà nílẹ̀, òfin ilé ti wà nínú ìwé, àlejò sì ni ó ní láti tẹrí ba kí orí rẹ̀ má baà gbá àtẹ́rígbà.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù lọ ní àkókò wa ni àdéhùn kan tí wọ́n ń fi lẹ́tà márùn-ún pè, CPTPP. Nítorí pé orúkọ náà kò rọrùn lẹ́nu, Àdéhùn Pàsífíìkì ni èmi yóò máa pè é. Orílẹ̀-èdè kéékèèké mẹ́rin ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Brunei, Ṣílè, New Zealand àti Singapore. Wọ́n ṣe àdéhùn tiwọn ní ọdún 2005, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2006, láìjẹ́ pé ayé fiyè sí i. Nígbà tí Amẹ́ríkà sọ pé òun fẹ́ bá wọn dá sí i ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tí ń jíròrò di 12, wọ́n sì buwọ́ lu ìwé ní ìlú Auckland ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2016. Ìwé náà ní orí 30. Kì í ṣe owó ibodè nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Òfin wà níbẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, lórí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bá oníṣòwò aládàáni díje, lórí iṣẹ́ tí ìjọba ń gbé fún agbaṣẹ́ṣe, àti lórí ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ ìwé tàbí tí ó ṣe oògùn tuntun jáde. Ohùn Amẹ́ríkà ni ó ròkè jù lọ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òfin wọ̀nyí.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2017, Ààrẹ Trump buwọ́ lu ìwé pé Amẹ́ríkà ti jáde. Baba ìsàlẹ̀ tí ó ya àwòrán ilé dìde, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn 11 tí ó kù, tí Jàpáànì ṣíwájú wọn, kò jẹ́ kí ilé náà wó. Wọ́n mú ìpín 22 nínú òfin náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ohun tí Amẹ́ríkà béèrè fún nípa oògùn àti ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, wọ́n sì dá wọn dúró. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò pa wọ́n rẹ́ kúrò nínú ìwé. Bí gbogbo wọn bá fi ohùn ṣọ̀kan ní ọjọ́ kan, àwọn ìpín náà lè jí. Wọ́n buwọ́ lu ìwé tuntun ní ìlú Santiago ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2018, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún kan náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi ronú lórí àlejò. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ìgbìmọ̀ Àgbà àdéhùn náà pàdé ní ìlú Tókíò, wọ́n sì kọ ìlànà ìwọlé sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé, a gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọmọ ilé sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó kọ lẹ́tà kankan. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ̀wé sí New Zealand, ẹni tí ìwé àdéhùn náà wà ní ìpamọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Àgbà yóò wá pinnu bóyá kí ìjíròrò bẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó má bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, wọn yóò yan ìgbìmọ̀ kan tí gbogbo ọmọ ilé ní aṣojú nínú rẹ̀. Níwájú ìgbìmọ̀ yìí ni àlejò yóò ti tú òfin ìlú rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò fi hàn pé ó bá àwọn orí 30 náà mu, tàbí kí ó sọ èyí tí òun yóò yí padà àti ìgbà tí òun yóò yí i padà. Láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn ìpàdé àkọ́kọ́, ó ní láti gbé ìwé owó ibodè rẹ̀ kalẹ̀: iye tí òun yóò máa gbà lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, àti ìgbà tí yóò tán. Olúkúlùkù ọmọ ilé yóò wò ó, yóò sì sọ pé èyí tó, èyí kò tó. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn Pàrákòyí ti ṣe ń ṣàkóso òwò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò ní ya ẹnu sí èyí. Ẹgbẹ́ oníṣòwò kì í fi ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Ohùn kan ni wọ́n fi ń ṣe ìpinnu ní ibodè kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo èyí. Wọn kì í dìbò kí èyí tí ó pọ̀ jù borí. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀, kò sí ohun tí àwọn yòókù lè ṣe. Ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n sọ ìlànà mẹ́ta tí àwọn yóò máa fi wo ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀: kí ó lè pa òfin gíga inú ìwé náà mọ́, kí ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá fi hàn pé ẹni tí ń mú ìlérí rẹ̀ lórí òwò ṣẹ ni, kí àwọn ọmọ ilé sì fi ohùn kan gbà á. Èkíní nínú àwọn mẹ́ta yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin, agbẹjọ́rò lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin rárá, ọ̀rọ̀ ìwà ni. Wọ́n ń béèrè irú ènìyàn tí àlejò jẹ́ ní ilé tí ó ti wá. Ẹ̀kẹta ni ó fún olúkúlùkù láyè láti rántí ohun tí àlejò ti ṣe sí òun rí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí wọlé. Ó jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020, ó sì kọ lẹ́tà sí New Zealand ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2021. Àwọn kan fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kí ni ó gbé ará òkun Àtìláńtíìkì dé ilé àwọn ará Pàsífíìkì. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn náà kò béèrè etí òkun tí ènìyàn ń gbé. Ohun tí ó sọ ni pé orílẹ̀-èdè èyíkéyìí, tàbí agbègbè èyíkéyìí tí ó ní aṣọ́bodè tirẹ̀, lè wọlé bí àwọn ọmọ ilé bá gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 wọ́n gbà kí ìjíròrò bẹ̀rẹ̀, Jàpáànì sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà. Ó di oṣù kẹta ọdún 2023 kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n buwọ́ lu ìwé ní Auckland ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2023. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2024, nígbà tí ọdún mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí ó ti kan ìlẹ̀kùn.

Nínú gbogbo àkókò yìí, a kò ṣí àwọn orí 30 náà fún àtúnkọ nítorí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orílẹ̀-èdè tí ó ti kọ òfin fún ọ̀pọ̀ ìlú ní ayé, tí àwa pẹ̀lú sì wà nínú wọn, ni ó wá ń yí òfin tirẹ̀ padà kí ó lè bá ti Brunei àti Perú dọ́gba. Ilé aṣòfin rẹ̀ ṣe òfin kan ní ọdún 2024 fún ìdí èyí nìkan: ó tún òfin iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ṣe, ó tún òfin àyẹ̀wò ọjà ṣe, ó sì tún ẹ̀tọ́ àwọn akọrin àti òṣèré ṣe. Ohun tí ó lè dúnàádúrà lé lórí ni owó ibodè tirẹ̀, ìgbà tí yóò dín in kù, àti àwọn ìwé ẹ̀gbẹ́ kan tí òun àti ọmọ ilé kan tàbí òmíràn jọ kọ.

Níbi owó ibodè yìí ni a ti rí ohun tí ìwọlé ń náni. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ epo ọ̀pẹ wá, nítorí ó jẹ́ ohun tí gbogbo wa mọ̀. Màléṣíà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta epo ọ̀pẹ jù lọ ní ayé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa gba owó ibodè lórí epo náà, èyí tí ó tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àwọn irú kan. Màléṣíà fẹ́ kí owó yìí kúrò, ó sì kúrò. Àwọn tí ń jà fún igbó kígbe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé nítorí oko ọ̀pẹ ni a ṣe ń gé igbó ńlá lulẹ̀ ní apá ibẹ̀. Ìjọba gbọ́ igbe wọn, ṣùgbọ́n kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ní ìdà kejì, Màléṣíà a máa gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọtí wisikí ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, ó sì gbà láti máa dín in kù títí yóò fi tán láàárín ọdún mẹ́wàá. Epo lọ, ọtí bọ̀. Báyìí ni a ṣe ń ná an, ọjà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ọmọ ilé kan lẹ́yìn òmíràn.

Pẹ̀lú Kánádà, ọ̀rọ̀ kò yanjú bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Kánádà a máa fi oògùn kan sí ara màlúù kí ó lè tètè sanra. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú ẹran bẹ́ẹ̀ láyè, kò sì yí èyí padà nítorí ìwọlé. Kánádà kò di ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó bínú. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjíròrò mìíràn tí àwọn méjèèjì ń ṣe láàárín ara wọn dúró nítorí ẹran yìí àti nítorí wàràkàṣì. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 15 oṣù kejìlá tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Mẹ́síkò kò tíì fi òǹtẹ̀ ilé aṣòfin wọn lu ìwọlé náà, nítorí náà kò tíì ṣiṣẹ́ láàárín wọn àti àlejò. Àwọn tí ó kọ ìwé ìwọlé náà ti rí irú èyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé bí oṣù 15 bá kọjá lẹ́yìn ìbuwọ́lù tí gbogbo ọmọ ilé kò tíì fi òǹtẹ̀ lù ú, kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àlejò àti àwọn tí ó ti fi òǹtẹ̀ lù ú, bí wọ́n bá ti tó mẹ́fà, lẹ́yìn ọjọ́ 60. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2023 yóò rí i pé ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2024 gan-an ni ó bọ́ sí. Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ènìyàn lè wọ ilé kí yàrá méjì nínú rẹ̀ ṣì wà ní títì.

Kí ni Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí gbà? Nínú àwọn 11 tí ó bá nílé, mẹ́sàn-án ni ó ti bá ṣe àdéhùn òwò tẹ́lẹ̀. Brunei àti Màléṣíà nìkan ni kò ní. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣírò èrè tí yóò bá gbogbo ọrọ̀ ìlú, èrè náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Àwọn kan fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rò pé wọ́n ń wo ibi tí kò yẹ. Ohun tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà jù lọ ni ìjókòó. Láti ọjọ́ tí ó ti wọlé, nígbà tí ẹlòmíràn bá kan ìlẹ̀kùn, a ní láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlú yìí sì mọ iye tí ìjókòó ń tà, nítorí ó ti kọ̀ ọ́ nígbà kan rí. Ní ọdún 1955, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Yúróòpù pàdé ní ìlú Messina láti bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó wá di ọjà àjùmọ̀ní wọn. Wọ́n pe Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìjíròrò tí ó tẹ̀ lé e ní Brussels. Ó rán òṣìṣẹ́ ìjọba kan lọ, a sì pe òṣìṣẹ́ náà padà kí ọdún tó parí. Àwọn mẹ́fà náà buwọ́ lu ìwé ní Róòmù ní ọdún 1957. Ní ọdún 1962 wọ́n fi ẹnu kò lórí ètò iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó bá àwọn àgbẹ̀ Faransé lára mu gan-an. Ìgbà tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà wá bẹ̀bẹ̀ ní 1961, ọkùnrin kan ṣoṣo, Ọ̀gágun de Gaulle, ni ó sọ pé rárá ní oṣù kìíní ọdún 1963, ó sì tún sọ ọ́ ní ọdún 1967. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1973 ni ó tó wọlé, lẹ́yìn tí de Gaulle ti kú. Ètò àgbẹ̀ tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni ó bá nílé, òun náà ni ó sì wà ní ìdí asọ̀ owó tí ó ń bá wọn ṣe títí di ọdún 1984. Òtítọ́ ni pé ẹgbẹ́ ti Yúróòpù jinlẹ̀ ju àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wọn jọ ara wọn.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ṣì wà ní ìta. Ṣáínà kọ lẹ́tà tirẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn rẹ̀, Taiwan náà kọ tirẹ̀. Ṣáínà sọ pé ara òun ni Taiwan, kò sì yẹ kí ó dá wọ ẹgbẹ́ kankan. Taiwan wá kọ̀wé gẹ́gẹ́ bí agbègbè tí ó ní aṣọ́bodè tirẹ̀, irú orúkọ tí ó fi wọ Àjọ Òwò Àgbáyé ní ọdún 2002, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Ṣáínà fúnra rẹ̀ wọ ibẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2001. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ohùn kan. Bí Ṣáínà bá kọ́kọ́ wọlé, Taiwan kò ní wọlé láéláé àfi bí Ṣáínà bá fẹ́. Bí Taiwan bá kọ́kọ́ wọlé, òun náà yóò ní agbára kan náà lórí Ṣáínà. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ gbà nínú wọn ni a fún ní kọ́kọ́rọ́.

Yàtọ̀ sí èyí, ìlànà kejì wà níbẹ̀, èyí tí ó jẹ mọ́ ìwà. Ní ọdún 2020, Ọsirélíà sọ pé kí a ṣe ìwádìí ibi tí àrùn kòrónà ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ṣáínà fi gbé owó ibodè lé ọkà bálì Ọsirélíà, ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì tún gbé èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ lé wáìnì rẹ̀. Ó mú ti bálì kúrò ní ọdún 2023, ó sì mú ti wáìnì kúrò ní ọdún 2024. Ọsirélíà wà nínú ilé. Kò sí òfin tí ó sọ pé kí ó gbàgbé.

Nítorí náà, àwọn ọmọ ilé ṣe ohun tí àwọn àgbà sábà máa ń ṣe nígbà tí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ bá lè dá ìjà sílẹ̀: wọ́n dákẹ́. Wọn kò gba èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, wọn kò sì kọ èyíkéyìí. Ẹ̀kúádọ̀ ti kọ̀wé ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Kọsta Ríkà kọ tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Kọsta Ríkà sì ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé fún ìjíròrò, ní ìpàdé Vancouver ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ìtò lẹ́tà kò já mọ́ nǹkan kan. Ìlú kékeré tí kò ní ọ̀tá nínú ilé ni ó rọrùn láti gbà.

Ṣé báyìí ni gbogbo ilé òwò ọ̀fẹ́ ti rí? Rárá. Èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà tí a ń pè ní AfCFTA, ní ẹnu ọ̀nà tí ó yàtọ̀ pátápátá. Ìdílé ni, kì í ṣe ẹgbẹ́. Orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tí ó bá ti jẹ́ ọmọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà lè wọ inú rẹ̀ nípa gbígbé ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀ kalẹ̀ nìkan. Kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò kọ́kọ́ yẹ òfin rẹ̀ wò, kò sì sí aládùúgbò tí ó lè sọ pé rárá. Àwọn 44 buwọ́ lù ú ní Kigali ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2018. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Òtítọ́ ni pé ọmọ Nàìjíríà, Aṣojú Chiedu Osakwe, ni ó ṣe alága ìjíròrò tí a fi kọ ìwé náà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ onílé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rù pé ọjà ilẹ̀ òkèèrè yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wọlé, Ààrẹ Buhari sì ní kí a lọ fi ọ̀rọ̀ lọ ará ìlú. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2019, ní Niamey, Nàìjíríà àti Benin buwọ́ lù ú ní ọjọ́ kan náà, nígbà tí àdéhùn náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún.

Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lu ìlọ́ra yìí. Èmi kò rò pé ó ṣe wá ní ibi kan náà tí ó ṣe Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955. Ẹni tí aṣojú rẹ̀ jókòó ní ipò alága nígbà tí a ń kọ òfin, bí ó bá tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó buwọ́ lu ìwé, kì í ṣe ẹni tí ó dé lẹ́yìn. Ìṣòro tiwa wà ní ibòmíràn. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà bá rọrùn, gbogbo ìdúnàádúrà tí a kò ṣe níbẹ̀ yóò dúró deni nínú ilé. A ti wọlé tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí iye owó ibodè. Àdéhùn náà sọ pé kí a mú un kúrò lórí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún irú ọjà, láàárín ọdún 5 fún irú Nàìjíríà, láàárín ọdún 10 fún àwọn tí ọrọ̀ wọn kéré jù, bí Benin àti Togo. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2021 ni wọ́n kéde pé òwò bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2025 ni Nàìjíríà tó tẹ ìwé owó ibodè tirẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí òfin.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, kí oṣù méjì tó pé lẹ́yìn Niamey, ìjọba Nàìjíríà ti ti ojú ààlà ilẹ̀ pa mọ́ ọjà. Láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Ìdíìrókò, ẹrù kò kọjá ní ọ̀nà òfin mọ́. Títì yẹn lòdì sí ìlérí tí ó ti wà láàárín wa àti Benin tipẹ́ kí AfCFTA tó dé, nítorí ECOWAS ti wà láti ọdún 1975, ó sì ní ètò òwò ọ̀fẹ́ tirẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i padà, nínú oṣù kan náà tí a gbé ìwé ìfọwọ́sí AfCFTA wa kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìlànà kejì ti Àdéhùn Pàsífíìkì ni a fi ń wo ẹni tí ń wọlé ní ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí ó ń béèrè ìwà àtẹ̀yìnwá, mo ń ṣe kàyéfì iye ọdún tí àwọn aládùúgbò wa ìbá fi jẹ́ kí a dúró ní ìta.

Ohun tí ìjọba sọ pé ó fa títì náà ni ìrẹsì àti ọjà mìíràn tí ń gba Benin wọlé lọ́nà àìtọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ èyíkéyìí, ìrẹsì ilẹ̀ Éṣíà tí ọkọ̀ ojú omi já sí Kútọnú kò di ìrẹsì Benin. Òfin orírun ọjà ni ó sọ bẹ́ẹ̀: ọjà tí a gbìn tàbí tí a ṣe nínú ilé, dé ìwọ̀n tí a fi ẹnu kò lé lórí, nìkan ni ó ń kọjá láìsan owó ibodè. Lórí ọ̀pọ̀ ọjà, kò ṣòro fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà láti fi ẹnu kò lórí ìwọ̀n yìí. Lórí aṣọ àti ọkọ̀, àríyànjiyàn náà ṣì ń lọ lẹ́yìn tí a ti kéde pé òwò bẹ̀rẹ̀: bí a bá ra òwú láti òkèèrè, tí a hun ún ní Áfíríkà, ṣé aṣọ Áfíríkà ni? Bí a bá kó ẹ̀yà ọkọ̀ wá láti òkèèrè tí a tò ó pọ̀ níhìn-ín ńkọ́? Oníṣòwò tí ó gbé ìdì aṣọ dé iwájú aṣọ́bodè ní Sẹ̀mẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń bá ìbéèrè náà pàdé, nígbà tí a bá ní kí ó mú ìwé orírun ọjà rẹ̀ jáde.